Àmì Tó Wà Lájà Mọ́tò Baba Khamsing

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣàánú Thanet, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí tán. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ fún yín, ó ní kí n má fi bò. Èmi náà kò sì ní í fi bò, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì ń bí mi nínú títí di òní.

Roi Et ni a wà, ìlú kan tó jìnnà sí Bangkok. Páànù òrùlé ni Thanet ń tà nínú ìlú, ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ ló sì ń gbé pẹ̀lú Orathai aya rẹ̀ àti Fon ọmọ wọn. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó mọ́tò fífọ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ wo ìjà ẹ̀ṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, kànìnkànìn àti ọṣẹ ni òun ń gbé jáde.

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan tó wà lórí fóònù, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò fífọ̀, wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Bí ọṣẹ tuntun bá jáde, Thanet á rà á, á dán an wò, á ya fọ́tò, á kọ ohun tó rí síbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Ajaan. Ajaan ni à ń pe olùkọ́ àti ẹni tó mọ iṣẹ́ dójú àmì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pe onípáànù ní Ajaan ni ọrùn rẹ̀ ti le gan-an.

"Àwọn tó ń fọ mọ́tò gbowó, irọ́ ni wọ́n ń tà fún wa," báyìí ló máa ń kọ. "Àwa tí a kò gba baht kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni la lè sọ òtítọ́."

Gbogbo ẹgbẹ́ á máa yìn ín. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà bú kò sì sí láàárín wọn. Kriang ni, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin.

Kriang ní ṣọ́ọ̀bù ìfọmọ́tò lójú ọ̀nà Selaphum, iṣẹ́ tó fi ń jẹun nìyẹn. N kò ní í purọ́ fún yín, ẹnu Kriang náà burú. Kì í kí ènìyàn kó tó bú u. Ó ti ta òróró kan fún Thanet rí, tó ní yóò máa dán lára mọ́tò títí ọdún yóò fi yípo, òjò díẹ̀ péré ló gbé e lọ. Nígbà tí Thanet lọ bá a, ohun tó sọ ni pé, "Ṣé èmi ni mo ní kó o máa fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́? Ṣé orí ẹ pé ṣá?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni Thanet gbé sínú, tí kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n mọ́tò tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kì í ṣe ti Thanet. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ni, èyí tí Baba Khamsing, baba ìyàwó rẹ̀, fi sílẹ̀ fún Ìyá Lamduan nígbà tó kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ra mọ́tò náà, Luang Pho Thongin, àgbà àlùfáà tẹ́ńpìlì àdúgbò, ló fi ẹfun sàmì sí àjà rẹ̀, lókè orí awakọ̀, kí ewu má bàa wu ẹni tó ń wà á. Luang Pho náà ti kú. Ìyá Lamduan kì í wọ mọ́tò yẹn láìpa ọwọ́ pọ̀ kó gbé e sókè sí àmì náà. Á fi ìka kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ fún awakọ̀ pé, "Ó yá, wà á."

Plaara ló dá ìjà sílẹ̀. Plaara ni ẹja tí a fi iyọ̀ sin sínú ìkòkò títí yóò fi kẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òórùn irú, ẹ rò ó ní ìlọ́po mẹ́wàá. Orathai gbé ìkòkò plaara sínú mọ́tò, ó pa gíláàsì dé, ó wọ ọjà lọ. Nígbà tí yóò fi padà dé, oòrùn ti mú un, ìkòkò ti bú gbàù, omi ẹja ti ta sí ìjókòó, ó ta sí ilẹ̀, ó sì ta dé àjà.

Kriang wá wò ó. Ó ti orí bọ inú mọ́tò, ó sì fa orí rẹ̀ yọ kíá.

"Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí. "Màá tú ìjókòó, màá tú nǹkan ilẹ̀. Àjà yẹn, aṣọ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni, díẹ̀díẹ̀. Màá fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo àmì Luang Pho kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Òórùn yẹn ò sì ní í lọ tán o, mo ti ń sọ fún yín. Ó máa kù díẹ̀."

"Ó máa kù díẹ̀ kẹ̀?" Thanet ní. "Ọṣẹ kan wà tó ń gbé gbogbo ẹ̀ lọ, Ẹ̀gbọ́n."

"Èwo nìyẹn?"

Thanet fi hàn án lórí fóònù. Ọṣẹ inú agolo ni, èyí tí wọ́n ń fín bí oògùn ẹ̀fọn, tó máa ń hó funfun. Ton, ọmọ Bangkok kan nínú ẹgbẹ́ wọn, ló ń tà á.

Kriang bú sẹ́rìn-ín. "Èyí? Ara ẹ́ńjìnnì tó ti kún fún gírísì ni wọ́n ń fín èyí sí! Tó o bá fín in sí àjà, ó máa jẹ gọ́ọ̀mù tó mú aṣọ ẹ̀ dúró. Kò ní í ṣe é lójú ẹsẹ̀ o. Ìgbà tó o bá ti gbàgbé ló máa já."

"Gbogbo ẹgbẹ́ ló ti lò ó."

"Ẹgbẹ́ wo? Àwọn tó ń fọ mọ́tò ẹyọ kan lọ́sẹ̀? Lọ ta páànù ẹ, jàre. Ajaan onípáànù!"

Orathai rẹ́rìn-ín. Ìyá Lamduan náà fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Thanet kò lè gbé mì.

Ó wọ yàrá, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹgbẹ́: àjà tó rùn, ọṣẹ Ton, àmì ẹfun, àti ohun tí "ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fọ mọ́tò gbowó" wí. Ìdáhùn rọ́ dé.

"Ó fẹ́ gbowó yín ni, Ajaan."

"Mo fín in sí tèmi, ó ń dán bí ẹyin."

"Èmi náà ní àmì lájà mi," ẹnìkan kọ. "Mo fín in kọjá lórí ẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan."

Ẹnìkan ṣoṣo ló sọ ohun mìíràn. Pa Nuan ni, ìyá àgbà kan tó ń wa takisí ní Khon Kaen. Ó kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi, èmi ò mọ iṣẹ́ yìí o, mọ́tò tèmi nìkan ni mò ń fọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fín in sí kọ̀rọ̀ kan, kó o fi í sílẹ̀ kó pẹ́ díẹ̀. Má sì fín in sí ohun tó ò lè rí rà mọ́."

Thanet dá a lóhùn pé, "Ìyá, ẹ máa bá ọkọ̀ yín lọ, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin sọ̀rọ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín sí i. Ton fi agolo ọṣẹ kan ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní, "Ajaan, ẹ ṣáà ti yà á ní fọ́tò fún wa." Ẹni tó ní òun kì í gba baht kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ti gba agolo.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Lamduan àti Orathai lọ sin ní tẹ́ńpìlì, Thanet wa mọ́tò náà sábẹ́ igi máńgòrò. Ó gbójú sókè, ó rí àmì náà. Ó dà bí òkìtì kékeré tí a fi ẹfun tò, ẹ̀kán kan tí ìka tẹ̀ lókè, àwọn mìíràn ń pọ̀ sí i bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀kán kan wá dá wà lábẹ́ gbogbo wọn, ó tóbi ju wọ́n lọ. Gbogbo rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì hàn.

Ọ̀rá wà nílé ìdáná. Ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò ní í gbà á ju kó nasẹ̀ lọ mú un lọ. Ṣùgbọ́n bó bá fi ọ̀rá bò ó bí Kriang ṣe wí, ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá nígbà náà?

Ó fín ọṣẹ.

Ó hó funfun, ó bo gbogbo àjà, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ sì gba inú mọ́tò kan. Inú Thanet dùn dé ìdí. Ó fi aṣọ funfun nù ún láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìdọ̀tí plaara sì tẹ̀ lé aṣọ náà. Àjà mọ́ tónítóní.

Ó tún wòkè. Àmì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹfun Luang Pho Thongin ti di ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Ó pe Ton lórí fóònù.

"Ton! Àmì ti lọ! Ẹ ní kò ní í ṣe é ní nǹkan kan!"

"Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, Ajaan, àwọn ẹgbẹ́ ni."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ ya òmíràn síbẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀? Àlùfáà tó ṣe é, ẹ ní ó ti kú."

Àbí ẹ ò rí nǹkan. Kàkà kí Thanet jókòó síbẹ̀ kó máa sunkún, kó dúró de ìyá arúgbó náà kó dọ̀bálẹ̀ fún un, inú yàrá ìyá náà ló wọ̀. Agolo páúdà ooru rẹ̀ wà lórí pákó ìbùsùn, irú èyí tó máa ń tutù lára bíi míńtì, tí Ìyá Lamduan máa ń fi pa ọrùn lójoojúmọ́ nítorí ooru tó ń sú sí i lára. Thanet dà á sínú àwo, ó pò ó mọ́ omi, ó fi ìka tò ó sí àjà bó ṣe rántí rẹ̀. Àtàǹpàkò ló fi tẹ ẹ̀kán ńlá tó wà nísàlẹ̀. Ó fọ àwo, ó fọ aṣọ, ó fọ ọwọ́. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ bo gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Orathai béèrè pé, "Baba Fon, ta ló lo páúdà Ìyá tán?"

"Èmi ni. Ooru sú sí mi lẹ́yìn."

"Gbogbo agolo?"

"Ẹ̀yìn mi fẹ̀, àbí o ò mọ̀ ni?"

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni igbe ta lóde.

"Orathai! Ẹ wá o! Ẹ wá wo nǹkan!"

Ìyá Lamduan ló jókòó sínú mọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó tàn! Àmì tó ti ń kú lọ, ẹ wò ó bó ṣe ń tàn! Luang Pho ti padà wá wò wá!"

Thanet la ẹnu. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ sọ òtítọ́ nígbà náà, n kò sì mọ̀ bóyá kí n gbà á gbọ́. Ìyá náà gbá a lọ́wọ́ mú.

"Ìwọ lo fọ̀ ọ́, àbí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Luang Pho fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹ. Kriang ní òórùn ò ní í lọ tán. Ìwọ ọkọ ọmọ mi fọ̀ ọ́, òórùn lọ, àmì sì tàn. Ọmọ dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Thanet ju oyin lọ. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ẹ mọ àwọn ará ilé wa bí ọjọ́ lọ́tìrì bá ti ń sún mọ́. Ẹnìkan gbọ́, ó sọ fún ẹnìkan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá. Wọ́n ń wo àmì náà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń wá nọ́ńbà níbẹ̀. Ìyàwó oníresì tó wà lójú títì jẹ owó díẹ̀ lórí nọ́ńbà tó rí, ó di òdòdó mọ́ iwájú mọ́tò. Láti ọjọ́ náà ni tùràrí kò ti kú níwájú píkọ́ọ̀pù mọ́. Ìyá Lamduan wá ń jí pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń gbé omi fún àlejò, ó ń sọ ìtàn Luang Pho.

Kriang náà wá. Kò wo àmì, ó kàn gbóòórùn inú mọ́tò lẹ́ẹ̀kan. Ó fa Thanet lọ sẹ́yìn ilé.

"Ọṣẹ yẹn lo fín."

"Òórùn plaara lọ àbí kò lọ?"

"Mo ní ọṣẹ yẹn lo fín! Àmì ẹfun tó ti wà níbẹ̀ látọdún gbọgbọrọ, ọṣẹ tó ń bó gírísì fò ó kọjá, ó wá tún un kùn? Èmi ni wàá pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún?"

"Owú ń jẹ yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí kò gbowó ló ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀yin agbowó ò lè ṣe."

Kriang fẹ́ gbá a létí, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Gbọ́, òmùgọ̀. Ìyá gba nǹkan yìí gbọ́. Èmi ò fẹ́ ba inú ẹ̀ jẹ́. Ìwọ tó o ṣe é ni kó o lọ sọ ọ́, pẹ̀lú sùúrù, kí gọ́ọ̀mù yẹn tó tú. Bó bá tú, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ẹ gbọ́ bó ṣe fi ìkà dá a lóhùn: "Ẹ lọ fọ mọ́tò."

Oṣù kẹrin dé, ooru mú. Aṣọ àjà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lápá ẹ̀yìn, ó ń wú bí ikùn aboyún. Ìyá Lamduan fi ìka tì í, ó tún rọ̀ wálẹ̀.

"Thanet, kí ló ń ṣe mọ́tò yìí?"

Ó rántí ohun tí Kriang wí. Ó rántí Pa Nuan náà. Ó wo ojú ìyá tó ń pè é ní ọmọ dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ló yá ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Ìyá, n ò fẹ́ sọ ọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n Kriang wá lọ́jọ́ tí ẹ ò sí nílé. Ó fín nǹkan kan sí i. Ó ní inú ń bí òun pé wọ́n ń yìn mí."

Ìyá Lamduan ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀. Kriang dúró síwájú rẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀sùn.

"Èmi, Ìyá? Èmi Kriang? Ẹni yìí ló fín in! Mo kìlọ̀ fún un!"

"Iṣẹ́ ẹni yìí ni Luang Pho fọwọ́ sí. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó o bú ọkọ àbúrò ẹ lójú mi?"

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi..."

"Má wá síbi sàráà baba ẹ. Baba ẹ ló fi mọ́tò yẹn sílẹ̀ fún mi. Má jẹ́ n rí ẹsẹ̀ ẹ nínú ilé yìí lọ́jọ́ náà."

Kriang wo Thanet. Kò bú u. Ẹnu tó ń bú gbogbo ayé kò rí èébú kan sọ.

Ìyẹn ì bá tó. Kò tó Thanet. Ó ya aṣọ àjà tó wú náà ní fọ́tò, ó gbé e sí ẹgbẹ́, ó dárúkọ ṣọ́ọ̀bù Kriang sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ wo iṣẹ́ àwọn tó ń gbowó." Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ da èébú bo ṣọ́ọ̀bù náà lórí ayélujára. Ẹni tí kò dé Roi Et rí ń kọ ọ́ pé Kriang ba mọ́tò òun jẹ́. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba kọ́kọ́rọ́ wọn padà. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yẹn.

Ọjọ́ sàráà Baba Khamsing dé. Àwọn àlùfáà ti gbàdúrà tán, wọ́n ti jẹun, wọ́n jókòó sórí ẹní. Oòrùn wà ní àtàrí. Kriang wá, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì baba rẹ̀ lọ́wọ́, ó dúró sẹ́yìn géètì. Kò wọlé. Orathai wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, ó sọ orí kodò.

Obìnrin kan tó wá láti Yasothon ní òun fẹ́ rí àmì náà kó tó lọ. Inú Ìyá Lamduan dùn. Ó mú un lọ sídìí mọ́tò, àwọn èrò tẹ̀ lé wọn. Thanet náà tẹ̀ lé wọn, ó ń lọ́ra. Ìyá náà wọ iwájú, ó jókòó sí ìjókòó awakọ̀, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó gbé e sókè. Afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn. Ó pa dé gbà!

Àjà já.

Aṣọ náà bo ìyá arúgbó látorí dé ọmú. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n fà á kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ yọ, ó funfun bí ẹni tí wọ́n da ẹfun lé lórí. Ó pa ojú dé. Ó fi ọwọ́ nu imú. Ó wá dúró.

Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ti tán tipẹ́. Ó fi ahọ́n lá ètè.

"Páúdà ooru mi nìyí."

Àwọn èrò ń wo ara wọn.

"Mo ní páúdà ooru mi nìyí! Ohun tí mò ń fi pa ọrùn láràárọ̀, ṣé n kò ní í mọ̀ ọ́n ni? Ṣé ooru sú sí Luang Pho lára lọ́run ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú èrò, ó tètè pa á mọ́ ẹnu. Ìyá Lamduan kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀.

"Orathai, agolo mi tó tán lọ́jọ́sí, ta lo ní ó lò ó?"

Orathai wo ọkọ rẹ̀. Gbogbo èrò náà wo ibi tó ń wò, títí kan àwọn àlùfáà lórí ẹní. Thanet ní ká ní ilẹ̀ lanu, òun ì bá wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ó wólẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ọṣẹ, àmì tó parẹ́, páúdà, irọ́ tó pa mọ́ Kriang. Orathai ń sunkún, ó ń sọ pé, "Ẹ̀yìn yín fẹ̀, àbí? Ẹ̀yìn yín fẹ̀!" Obìnrin Yasothon gbé báàgì rẹ̀, ó ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyá Lamduan dúró títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Ẹ̀kán tó wà nísàlẹ̀ yẹn," ló wí, "èyí tó dá wà. Ta lo rò pé ó tẹ̀ ẹ́?"

"Luang Pho ni, Ìyá."

"Luang Pho kọ́. Luang Pho di ọwọ́ Baba Khamsing mú, ó ní Khamsing ló ni mọ́tò, kí Khamsing náà tẹ ọ̀kan. Àtàǹpàkò ọkọ mi nìyẹn. Dòjé ti là á láàárín nígbà tó wà lọ́mọdé, ojú ọgbẹ́ náà sì hàn nínú ẹfun bí ọ̀nà tóóró. Ohun tí mò ń fọwọ́ kàn nìyẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Èmi ò fọwọ́ kan Luang Pho rí, obìnrin ni mí, obìnrin kì í sì í fọwọ́ kan àlùfáà wa."

"Ìyá, ẹ foríjì mí."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tàn ni mo ti rí i pé ojú ọgbẹ́ náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wá sọ fún ara mi pé Luang Pho ti rí Khamsing lọ́hùn-ún, ó ti wo ọwọ́ ẹ̀ sàn."

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ. Ó gbé ohùn sókè, ó kọjú sí géètì. "Kriang! Gbé ìrẹsì baba ẹ wọlé."

Ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá Lamduan kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé Kriang, wọ́n sì fa mọ́tò náà tẹ̀ lé e. Orathai kò kọ Thanet sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kó kúrò ní yàrá rẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà Kriang padà wá. Àwọn tó pọ̀ jù lọ kò padà. Èébú tí wọ́n kọ sórí ayélujára ṣì wà níbẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ ti gbàgbé.

Thanet kọ òtítọ́ sí ẹgbẹ́. Ẹ fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ? Ton yọ ọ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ẹni tó ní òun fín in sórí àmì tòun kọ ọ́ pé, "Tèmi kì í ṣe ẹfun o, bébà tí wọ́n lẹ̀ ni." Òmíràn béèrè ọṣẹ tó dára jù láti fi mú páúdà kúrò lára ìjókòó. Pa Nuan nìkan ló béèrè pé, "Ìyá yín ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?"

Thanet ní kí n sọ fún yín pé ẹni tó ń fi iṣẹ́ jẹun ni kí ẹ máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Èmi kò fara mọ́ ọn. Kriang ń fi iṣẹ́ jẹun, ó sì ta òróró tí òjò gbé lọ. Pa Nuan kò mọ iṣẹ́, òótọ́ ló sọ. Ohun tí èmi rí ni pé gbogbo ẹni tó yin Thanet lọ́jọ́ náà ló wà níbi tí àjà kò ti lè já lé wọn lórí. Àwọn méjì tó kìlọ̀ fún un, ó fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń gbà yín níyànjú pé: bó bá bàjẹ́, níbo ni ìwọ yóò wà?

Kriang ti fi aṣọ tuntun sí àjà náà. Ó ní kí àwọn pe àlùfáà mìíràn wá sàmì sí i, ìyá rẹ̀ kọ̀. Ìyá náà ṣì ń pa ọwọ́ pọ̀ sókè kó tó ní kí wọ́n wà á, sí ibi tí kò sí nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Thanet tún lọ bẹ ìyá náà. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, láàárín omi ọṣẹ. Kriang kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Ìyá Lamduan jáde. Ó ti pẹ́ tó ti bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó dúró lókè orí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Aṣọ tó o fi nu àjà yẹn lọ́jọ́ náà, tí ẹfun wà lára ẹ̀. Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà, Ìyá. Ó wà nílé."

Ojú ìyá náà là. "Lọ mú un wá fún mi."

Thanet kò dìde. Ó wo ilẹ̀.

"Mo ti fọ̀ ọ́, Ìyá."

"O fọ̀ ọ́?"

"Ọjọ́ náà gan-an ni mo fọ̀ ọ́."

"Ó mọ́?"

"Ó mọ́, Ìyá."

Ìyá Lamduan mi orí. Ó yí padà, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.